Ayédèrú kọ́, ojú-ayé ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹnìkan nínú wa dá a lábàá lánàá pé kí a máa pe ìwé òfin ìjọba apàṣẹwàá ní "ayédèrú òfin ìpìlẹ̀". Kò bá mi lára mu.

Owó tí kì í ṣe báńkì ló tẹ̀ ẹ́ là ń pè ní ayédèrú. Ìgbìmọ̀ tó láṣẹ ló ṣe ìwé òfin ti Stalin, apàṣẹwàá ilẹ̀ Soviet, lọ́dún 1936. Abala 125 rẹ̀ ní kálukú lómìnira láti sọ̀rọ̀, láti wọ́de. Nígbà tó fi máa di 1937, òru ni wọ́n ń wá kó èèyàn lọ yìnbọn pa. Òfin ojú-ayé ni mo máa pe ìyẹn: ẹní àlejò tí a tẹ́, tí a ò jẹ́ kí àlejò jókòó lé.

Tiwa tún yàtọ̀. Àwọn sójà tó gbàjọba ní ìparí 1983 kò ya ìwé òfin 1979 dànù. Dikirí (òfin àṣẹ ológun) àkọ́kọ́ ti 1984 dá apá kan rẹ̀ dúró, ó fi èyí tó kù sílẹ̀, ó wá ní dikirí ló lékè. Ìpìlẹ̀ wá dà, nígbà tí wọ́n ti gbé e sórí àjà? Ìdí nìyí tí "ìwé òfin" lásán fi tẹ́ mi lọ́rùn. (Nínú ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, kọnstitúṣọ̀n ni gbogbo wa ń pè é. Inú kọ́bọ́ọ̀dù alága ló ń gbé.)

Ṣùgbọ́n Chile ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ìjọba ọ̀gágun Pinochet, apàṣẹwàá ibẹ̀, ló ṣe ìwé òfin 1980. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, tó bá yá, ará ìlú yóò dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ẹni tí àwọn ológun bá fà kalẹ̀. Pinochet fúnra rẹ̀ ni wọ́n fà kalẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1988, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ló borí. Àwọn ọ̀gá ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbà fún un kó da ìbò náà nù. Lọ́dún 1990, ó gbé àga sílẹ̀. Ṣé ayédèrú lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó rọ ọ́? Àfọwọ́fà ni mo máa pe tirẹ̀, bí ẹ bá gbà fún mi.

Ní ti "apàṣẹwàá" fúnra rẹ̀, mi ò bá a jà. "Fàmílétè-kí-n-tutọ́" ṣì dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gùn jù fún àkọlé ìròyìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lọ́jà Ọba níbí, kò sẹ́ni tí yóò ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀.