Ẹ bá mi wo aṣọ sójà tó wà lọ́rùn bàbá mi àgbà nínú fọ́tò yìí

IyaIbeji_Alalubosa
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Fọ́tò kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ nílé wa láti Sátidé. Bàbá tó bí bàbá mi ló jókòó nínú ẹ̀, káakí ni wọ́n wọ̀, wọ́n dé fìlà etí gbàràmù tí wọ́n ká apá kan ẹ̀ sókè, ọmọkùnrin kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí déètì lẹ́yìn ẹ̀, kò sórúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí bàbá tó lọ sógun Hitler ni wọ́n yà á, pé ẹ̀gbọ́n wọn tó kú sójú ogun ló dúró yẹn. Àǹtí ní irọ́ ni, bàbá ò yìnbọn rí, Red Cross ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, torí àmì kan wà léjìká wọn tó dà bíi kọ́rọ́ọ̀sì. Aṣọ pẹ́lẹ́bẹ́ kan tó nílà-nílà tún wà láyà ọ̀tún. Kí ni kí n máa wò gan-an, torí àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ ti lọ tán.

AgbaKaaki
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Àyà ọ̀tún yẹn, ṣé ọ̀tún bàbá ni àbí ọ̀tún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó? Àyà òsì ni sójà ń fi mẹ́dàlì sí, ẹni tẹ́ ẹ bá rí tó fi sí ọ̀tún, ti bàbá ẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀ tó ti kú ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀tún bàbá lóòótọ́, ẹ wo bọ́tìnì wọn bóyá apá òdì ló wà, ó lè jẹ́ ẹni tó fọ fọ́tò ló dojú nẹ́gátíìfù dé. Kọ́rọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́, ṣé ó dúró ṣánṣán bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ó dábùú?

IyaIbeji_Alalubosa
Ọ̀tún tèmi ni o, ẹ má bínú sà 😂. Mo ti síkáànù ẹ̀ mo fẹ̀ ẹ́, ó dábùú bíi X, nǹkan roboto kan wà láàrin ẹ̀ tí mo ti ń fi ọwọ́ nù torí mo rò pé ìdọ̀tí ni.

AgbaKaaki
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má nù ún mọ́! Ọ̀kọ̀ méjì nìyẹn, roboto yẹn, òṣùká ni. Òṣùká tí wọ́n fi ń ru ẹrù yìí gan-an. Báàjì 82nd West African Division nìyẹn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ wa lábẹ́ gẹ̀ẹ́sì, torí nínú igbó Burma (Myanmar ìsinsìnyí) tí mọ́tò ò lè gbà, orí làwọn èèyàn fi ń ru ọta àti oúnjẹ. Àwọn 81st, aláǹtakùn ni tiwọn. 1943 ni wọ́n dá 82nd sílẹ̀, bírígéèdì méjì nínú mẹ́ta tí wọ́n ní, ti Nàìjíríà ni, nítorí náà kò lè jẹ́ kí 1943 tó dé ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Ẹ wá ka ìlà tó wà láyà wọn, aṣọ mẹ́dàlì nìyẹn. Fọ́tò dúdú-òun-funfun ò ní fi àwọ̀ hàn yín, bó ṣe fẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ wò: tó bá jẹ́ mẹ́ta tó dọ́gba, 1939–45 Star ni, tí ti àárín bá fẹ̀ tí ìlà tín-ín-rín kan sì wà lápá ọ̀tún àti òsì, Burma Star ni, May 1945 sì ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀.

Tisa_Feyinti
Ẹ rọra o. Bàbá tèmi náà wọ sójà nínú fọ́tò, aṣọ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n yá, wọn ò dé bárékè rí láyé wọn. Ẹ wo ọwọ́ aṣọ yẹn bóyá ó gùn jù.

AgbaKaaki
Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Àmọ́ èyí bá wọn lára mu, mo ti wò ó.

Omo_Alaworan
Ẹ̀ ń pariwo bàbá, kò sẹ́ni tó wo ọmọ tó dúró. Fìlà pẹlẹbẹ bí ìdérí agolo, báàgì funfun tó gbé kọ́ èjìká, bẹ́líìtì: Boys' Brigade nìyẹn, ẹgbẹ́ ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe sójà rárá! Wọ́n ti wà ní Nàìjíríà láti 1908, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ló sì ń dé irú fìlà yẹn. Báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe máa wà ní Brigade nígbà tí àbúrò ti lọ Burma bọ̀? Àbúrò bàbá lẹ máa wá o.

IyaIbeji_Alalubosa
Ìlà tín-ín-rín yẹn wà níbẹ̀, ti àárín sì fẹ̀!! Mo gbé fóònù lọ bá Àǹtí, mo fi òṣùká hàn wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo wá ní kí wọ́n wo ọmọ tó dúró, ni wọ́n bá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ní "Bàbá Kékeré nìyí, òun ló máa ń fọn fèrè fún wọn ní Brigade." Fèrè náà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Àtijọ́ la ti ń rí i, a ò béèrè rí pé ta ló ni ín.