Ṣé kí a ri okùn fáíbà ni, tàbí kí a di alágbàtà sátẹ́láìtì?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, mo kí yín o. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ń fi rédíò pín íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó sí ilé àti ọ́fíìsì. Ní báyìí, àwọn sátẹ́láìtì tí ó sún mọ́ ilẹ̀ ti wọ ọjà wa. Sátẹ́láìtì íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè, ìdí nìyẹn tí ìsọfúnni fi ń pẹ́ kí ó tó lọ kí ó sì bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì ti ilé-iṣẹ́ SpaceX, wà ní nǹkan bíi 550 kìlómítà péré, ìpè olójú-kojú sì ń lọ geere lórí rẹ̀.

Àwọn tí ó dá owó sílẹ̀ fẹ́ kí a di alágbàtà sátẹ́láìtì. Ní tèmi, okùn fáíbà, ìyẹn okùn onígíláàsì tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni, ló sàn jù, nítorí pé bí a bá ti rì í mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí ó wà ní ìkángun okùn náà méjèèjì nìkan ni a óò máa pààrọ̀ bí ìlò ti ń pọ̀ sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo àwọn tí ó wà ní àgbègbè kan ni wọ́n jọ ń pín agbára sátẹ́láìtì. Síbẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ́ wọ́n gan-an, ó sì sábà máa ń ju owó okùn fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá ti ṣe irú ìpinnu yìí rí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí okùn dé? Irú àdéhùn wo ni alágbàtà lè bá onísátẹ́láìtì ṣe, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò fi ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?