Fóònù kà á, ẹ̀rọ orí káńtà kò kà á: báákóòdù ara ọ̀rá pòǹdó

Ọmọ Ìkéré, Manchester
Ẹ̀yin ará ilé uyì, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe pòǹdó ní Ìkéré, èmi ni mo sì ń pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù níbí. Ọ̀rá rẹ̀ rẹwà, àwọ̀ osùn la fi ṣe gbogbo iṣẹ́ ara rẹ̀. Lánàá ni oníṣọ́ọ̀bù kan pè mí pé ẹ̀rọ òun kò ka báákóòdù wa, pé ọwọ́ lòun fi ń tẹ nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, àti pé bí n kò bá wá nǹkan ṣe sí i, kí n wá kó ẹrù mi. Fóònù mi sì rèé, kíá ló kà á. Kí ló dé?

Ìyá Ìbejì, Dublin
Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rọ tiwọn ló bàjẹ́. Bí fóònù bá ti kà á, báákóòdù dáa nìyẹn.

Bàbá Ayọ̀, Leicester
Rárá o, Ìyá Ìbejì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ tó ń di oúnjẹ sínú páálí, àyẹ̀wò báákóòdù sì niṣẹ́ mi báyìí. Ọmọ Ìkéré, àwọ̀ wo lẹ fi tẹ àwọn ìlà yẹn? Fi fọ́tò rẹ̀ síbí.

Ọmọ Ìkéré
Òun nìyí, ẹ̀gbọ́n. Àwọ̀ osùn náà ni, lórí funfun.

Bàbá Ayọ̀
Mo ti rí i. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orí káńtà fi ń wo báákóòdù. Tí ìmọ́lẹ̀ pupa bá bọ́ sórí ohun pupa, ńṣe ló máa dán bíi funfun. Ìlà yín àti àlàfo àárín wọn ti di ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ yẹn. Kámẹ́rà fóònù ń rí gbogbo àwọ̀, ìdí nìyẹn tó fi kà á.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Wá ọ̀rá pupa tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń wé súìtì, gbé e sójú, kí o fi wo báákóòdù náà. Ìlà tó bá pòórá, ẹ̀rọ kò ní rí i. Dúdú ló dáa jù fún ìlà. Búlúù tó ṣú tàbí àwọ̀ ewé tó ṣú náà ṣeé lò. Pupa kò burú lábẹ́ ìlà, àmọ́ kó má jẹ́ ìlà.

Ó tún ku ọ̀kan. Ẹ ya odó àti ọmọ odó sún mọ́ ìlà àkọ́kọ́ jù. Àyè òfìfo gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì: bí báákóòdù bá wà ní ìwọ̀n rẹ̀ pérépéré, 3.63 mìlímítà lọ́wọ́ òsì, 2.31 lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Alápòǹdó, Ìkéré-Èkìtì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni àbúrò rẹ̀. Mo gba ọ̀rá súìtì lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò, mo fi wò ó. Funfun báláú ni mo rí! Ọkàn mi bàjẹ́, nítorí wọ́n ti tẹ ọ̀rá tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Mo ní ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Ṣé mo lè lẹ tuntun bò ó?

Bàbá Ayọ̀
O lè ṣe é, má da ọ̀rá kankan nù. Kí lébẹ́ẹ̀lì funfun tó nípọn bo ti àtijọ́ tán pátápátá, kó má sì wà níbi tí ọ̀rá ti ká tàbí ibi tí ẹ ti fi iná dì í.

Ẹ̀rọ kékeré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 203 dpi, àmì 8 nínú mìlímítà kan. Kò lè ṣe 0.33 mìlímítà gẹ́lẹ́, ìyẹn ìwọ̀n ìlà tó tín-ín-rín jù nínú báákóòdù tó wà ní ìwọ̀n rẹ̀ pérépéré. Jẹ́ kí ìlà tó tín-ín-rín jù jẹ́ àmì 3, ìyẹn 0.375. Má lo àmì 2, 0.25 ti kéré ju ohun tí òfin gbà lọ. Báákóòdù á tóbi díẹ̀, àyè òfìfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà á sì fẹ̀ sí i.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni eruku pòǹdó, torí ó lè bà sórí irin tó ń tẹ̀wé nínú ẹ̀rọ, kó sì bà á jẹ́. Ní òru ọjọ́ kan, mo rí ìlà funfun kan lórí lébẹ́ẹ̀lì wa, tín-ín-rín bí irun orí, ó la àárín ìlà dúdú kan kọjá látòkè dé ìsàlẹ̀. Síkánà ọwọ́ wa ṣì ń dún, mo bá fọwọ́ sí ìwé. Páálí tí wọ́n dá padà fún wa lọ́sẹ̀ yẹn kún ọkọ̀ kan. Ọ̀kan péré nínú àwọn àmì tíntìntín tó ń gbóná nínú ẹ̀rọ ló kú. Ó ṣì ń dùn mí, torí ojú mi rí i.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá pààrọ̀ ríbọ́nù, fi aṣọ tí kò ní òwú àti isopropyl alcohol nu irin tó ń tẹ̀wé. Má fi ọ̀bẹ tàbí èékánná ha á. Sì yí báákóòdù náà, kí àwọn ìlà rẹ̀ dábùú ọ̀nà tí lébẹ́ẹ̀lì ń gbà jáde, kí ẹ̀rọ sì máa rọra tẹ̀ ẹ́. Tí àmì kan bá kú báyìí, á kàn gé gbogbo ìlà níbì kan ṣoṣo, síkánà á sì kà á lókè tàbí nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun o, mo gbà. Ẹ̀rọ wo wá ni ẹ̀yin fi ń mọ èyí tó dáa?

Bàbá Ayọ̀
Verifier ni. Síkánà kàn ń sọ pé òun kà á ni. Verifier ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá, ní ipele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á fún un ní máàkì láti 4 dé 0, á sì mú ìpíndọ́gba wọn. Fún irú báákóòdù orí káńtà yìí, 1.5 ló kéré jù tí GS1, àjọ tó ń ṣòfin báákóòdù, gbà. Ó wọ́n púpọ̀, ẹ má rà á.

Alápòǹdó, tẹ̀ ẹ́ lónìí, kó o fi lébẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi: mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ róòlù, mẹ́ta láti ìparí, ìyókù láti àárín. N ó gbé wọn sórí tiwa tí mo bá parí iṣẹ́, n ó sì fi èsì rẹ̀ síbí.

Ọmọ Ìkéré
Mo ti pe oníṣọ́ọ̀bù náà. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì.