Ìdáhùn: “Ìmúdúró” kò bá ọ̀sìn ẹran mu, ẹ jẹ́ ká yẹ “àṣèyíṣàmọ́dún” wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí ìbéèrè tí arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà fún àwọn olùsìn ẹran l'Ékìtì gbé síwájú wa. Ìwé náà ń kọ́ àgbẹ̀ bí yóò ṣe wọ̀n ọ́n bóyá oko ẹran rẹ̀ lè máa bá a lọ lọ́dọọdún láì ba ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́, kí olóko fúnra rẹ̀ má sì wọ gbèsè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá fún gbogbo èyí, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “sustainability”. Àwọn kan ní “ìmúdúró”. Àwọn kan ní “alágbéró”, torí pé ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú “ìdàgbàsókè alágbéró”. Ìyá wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn mú “àlòpẹ́” wá.

Kí n sọ tèmi láì fepo bọyọ̀. “Ìmúdúró” àti “alágbéró” yóò ṣi àgbẹ̀ lọ́nà. Ohun tí a mú dúró, ẹnìkan ló dì í mú. Ohun tí a gbé ró, bí ẹni tó gbé e ró bá yọwọ́, ó di ilẹ̀. Mo mọ ilé adìyẹ kan lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí adìyẹ ti ń ké níbẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ọjà ń tà. Ọmọ olóko tó wà lókè òkun ló ń fowó fíìdì, ìyẹn oúnjẹ adìyẹ, ránṣẹ́. Nínú 100 náírà tí a bá ná sórí adìyẹ, fíìdì nìkan sábà máa ń gba 60 sí 70, ẹyin oko náà kò sì tíì fowó ra fíìdì ara rẹ̀ rí. Oko yìí dúró. Wọ́n gbé e ró. Síbẹ̀, irú rẹ̀ gan-an ni ìwé yẹn fẹ́ kọ́ wa láti dá mọ̀ pé kò lè bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá máa fún un ní máàkì tó ga kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń wá.

“Àlòpẹ́” sàn jù wọ́n lọ, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bàtà la máa ń lò pẹ́, tàbí ìkòkò irin. Ewúrẹ́ kì í pẹ́, ewúrẹ́ ń bí ni. Ìbí yẹn ni ọ̀sìn, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ wa ti jáde.

Ìyá mi sin ewúrẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ títí wọ́n fi dàgbà kọjá ẹni tó ń já ewé, ewúrẹ́ kúkúrú ilé wa yìí, tó ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, tó sì sábà máa ń bí ìbejì. Òbúkọ ni wọ́n fi san owó ilé ìwé wa. Wọn kì í ta ìyá ẹran. Ọdún kan wá wà tí àrùn kátà wọ agbo, ó pa púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ta abo méjì tó yè láti fi san gbèsè. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Mo ti jẹ ojú owó.” Mi ò gbàgbé ohùn yẹn. Ìyá mi kò mọ̀wé, àmọ́ ohun tí ìwé ìlànà náà ń fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ márùn-ún sọ tán. Èlé là ń jẹ. Ojú owó kì í ṣe jíjẹ.

Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá mú, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí “ojú owó” wà nínú àlàyé rẹ̀. Ilẹ̀ ní ojú owó tirẹ̀: koríko tó tún hù lẹ́yìn tí ẹran jẹ ẹ́, àti erùpẹ̀ olóràá tí àgbàrá kò tíì wọ́ lọ. Odò ní tirẹ̀. Abo ẹran ni ti agbo. Ti olóko ni ìlera rẹ̀, àti kéèjì adìyẹ tó ń gbó lójoojúmọ́, tí olóko kò sì rántí ka gbígbó náà mọ́ ìnáwó.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni “àṣèyíṣàmọ́dún”. Gbogbo wa la ń wí i. A ń kí ara wa bẹ́ẹ̀ nígbà Ùdírókò l'Ádó, nígbà ìjẹṣu, nígbà Kérésì àti Iléyá. À ṣe èyí, à ṣe àmọ́dún. Kí èyí tí à ń ṣe lọ́wọ́ má gba tọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland ará Nọ́wè darí sọ ohun kan náà ní 1987: ká rí ohun tí a nílò lónìí láì gba ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Jámánì pàápàá, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti rí tiwọn. Ní 1713, Hans Carl von Carlowitz, ọ̀gá nídìí ìwakùsà ní Saxony, rí i pé igi tí wọ́n fi ń yọ́ fàdákà ń tán nínú igbó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má gé ju èyí tó ń hù padà lọ, ọ̀rọ̀ nachhaltend tó lò níbẹ̀ ló sì di orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan yìí títí dòní. Bí igbó bá lè bí tiwọn, kí ló dé tí ọdún kò lè bí tiwa?

Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀ pé àdúrà ni, kì í ṣe ohun tí a lè wọ̀n. Òótọ́ ni pé àdúrà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àdúrà ń tọrọ ni ìṣirò ń wò bóyá ó ti dé. Ó ní ó tún gùn jù. Ẹ bá mi kà á: à-ṣè-yí-ṣà-mọ́-dún, sílébù mẹ́fà. A-mó-hùn-má-wò-rán, mẹ́fà náà ni, a sì ń pè é láì mí hẹlẹ. Nǹkan mìíràn tún wà tó dùn mọ́ èmi ará Èkìtì. Àwa tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá fi “ì” bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń yí padà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n “à” dúró síbi tó wà. Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, gbogbo wa la máa pè é bákan náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ wíwọ̀n, níbi tí àríyànjiyàn ti dà rú lánàá lórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n àti atọ́ka. Kóńgò ni òṣùwọ̀n. Kóńgò mẹ́ta ni ìwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ẹran tí egungun ti hàn, atọ́ka nìyẹn: ó ń fi ohun tí a kò rí hàn wá. Ẹ má ṣe jẹ́ ká da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ pé isó màlúù ló ń mú ayé gbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, inú àpòlúkù rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń fọ́ koríko, ibẹ̀ ni mẹ́tẹ́ènì, afẹ́fẹ́ kan tó ń mú ayé gbóná, ti ń wá, ẹnu ló sì ń gbà jáde jù. Gígùnfẹ̀ ni. Kílò kan mẹ́tẹ́ènì ń mú ayé gbóná bíi kílò 28 káábọ́nì dàíọ́ksáìdì (CO₂), afẹ́fẹ́ tó ń jáde nígbà tí a bá dáná, láàárín 100 ọdún. Ní 2013, FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣírò pé ẹran ọ̀sìn ló ń mú ìdá 14.5 nínú 100 wá nínú gbogbo afẹ́fẹ́ amáyégbóná tí ọwọ́ ènìyàn fà.

Àmọ́ kí la máa pín afẹ́fẹ́ yẹn fún? Ìtumọ̀ ibí yìí lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí a bá kà á fún orí màlúù kọ̀ọ̀kan, màlúù inú gáà kò ṣe nǹkan bàbàrà. Bí a bá kà á fún lítà wàrà kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò jẹ̀bi, torí lítà kan sí méjì ló sábà ń mú wá lóòjọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, màlúù yẹn náà ni báńkì olówó rẹ̀, òun ni ẹran àti ajílẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kò yẹ kó dá lé wàrà lórí. Torí náà, nínú ìtumọ̀ wa, kí “fún kí ni” máa tẹ̀ lé iye nígbà gbogbo.

Ìwé náà pe ilẹ̀, owó àti ènìyàn ní “òpó mẹ́ta”. Ààrò ni mo fẹ́. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ní Faransé, ìlànà kan wà fún wíwọ̀n oko tí wọ́n ń pè ní IDEA, ó máa ń fún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 0 sí 100, kì í sì í rò wọ́n pọ̀. Èyí tó kéré jù ni máàkì oko. Òpó kò lè ṣàlàyé ìyẹn, ilé ṣì lè wà lórí òpó méjì. Ṣùgbọ́n bí ààrò kan bá kúrú, bó ti wù kí méjì yòókù ga tó, ìkòkò á ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gbé Èkìtì kò nílò àlàyé lórí ààrò kẹta, ìyẹn ènìyàn. Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣe ní 2016 lórí dída ẹran jẹ̀ kò tinú ọ̀rọ̀ wàrà wá. Ẹran tó wọ oko ẹ̀gẹ́ olóko ló fà á, àti ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀.

Mo gbà kí “alágbéró” dúró síbi tó ti wà nínú ìwé ìjọba. Fún ọ̀sìn, ìtumọ̀ tí mo fẹ́ kí a kọ sílẹ̀ rèé: Àṣèyíṣàmọ́dún: ìṣesí oko tó ń jẹ èlé ilẹ̀, ti agbo, ti owó àti ti ènìyàn, tí kò jẹ ojú owó ìkankan nínú wọn.

“Owó ogbó” ni mo fi pe iye tí kéèjì àti ilé ẹran ń sọnù lọ́dún bí wọ́n ṣe ń gbó. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó lè dún bí owó arúgbó. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Lọ́jọ́ ọjà, màá ka ìtumọ̀ yìí fún àwọn ìyá tó ń ta ewúrẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, màá sì kọ ohun tí wọ́n bá wí ránṣẹ́ síbí.