Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ìjẹun ìyá mi, ọkàn mi ò balẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tó ń tọ́jú aláìsàn. Rọ́bà tí màmá fi ń jẹun láti ara ikùn yọ lójijì. Wọ́n sáré ki tuntun bọ̀ ọ́, torí ihò náà lè dí láàárín wákàtí díẹ̀. Àmọ́ ihò ọ̀hún ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 4, kò tíì jinná dáadáa, rọ́bà lè tètè ṣìnà! Bí rọ́bà bá ṣìnà, tí kò wọ àpòlúkù, oúnjẹ á dà sínú ikùn lásán, ìyẹn sì lè pààyàn. Omi tí wọ́n fà jáde látinú rọ́bà tuntun náà, pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó) jẹ́ 6, 5.5 sísàlẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ láti mọ̀ pé àpòlúkù ló wọ̀. Wọ́n ní oògùn ọgbẹ́ inú tí màmá ń lò, tó ń dín kíkan omi inú àpòlúkù kù, ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣé kí n ta kú pé àfi kí wọ́n yà á ní X-ray kí oúnjẹ tó wọlé?