Ọ̀bọ Igbó Ọ̀ṣun: ìṣirò wo ló lè sọ ẹni tí ń bá ẹnì kan rìn?

Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀bọ mona inú Igbó Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo, là ń kọ sílẹ̀. Mẹ́jọ ni agbo náà: abo márùn-ún, akọ mẹ́ta tí ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ àgbà. A fi asnipe, irinṣẹ́ kan nínú R (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà), ṣe nẹ́tíwọ̀kì wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹni tí ń bá ẹni rìn; a da dátà rú nígbà 1,000 láti fi wé ojúlówó, a wá fi regression (ìṣirò tó ń wo bí ohun kan ṣe bá òmíràn tan) wò ó bóyá abo ló ní alábàárìn jù. P, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú èsì yìí kàn ṣèèṣì jáde, jẹ́ 0.001. Ó kéré débi pé ara ń fu mí. Ibo ni àṣìṣe wà?

Òkè-Fíà: Bí ẹ ṣe da dátà rú ló bà á jẹ́. Kí a máa pààrọ̀ ẹranko láàárín àwọn ọ̀wọ́ tí a rí, bí Bejder àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀ ní 1998, ìbéèrè kan péré ló ń dáhùn: ṣé wọ́n ń yan ẹni tí wọ́n ń bá rìn, àbí wọ́n kàn ń pàdé ṣáá? Ọ̀bọ kúkú máa ń yan. Nítorí náà, dátà yín á yàtọ̀ sí èyí tí ẹ dà rú, ìbáà má kan akọ tàbí abo rárá, regression á sì kà á sí iṣẹ́ abo. Weiss àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 2021.

Ẹ fi nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀ bó ṣe wà, àmì akọ àti abo ni kí ẹ máa pín kiri. Àmọ́ ẹ kà á ná: akọ 3 nínú 8, ọ̀nà 56 péré ló wà láti pín in. P tó kéré jù tó lè jáde ni 1/56, ìyẹn 0.018, bí ẹ tilẹ̀ dà á rú nígbà mílíọ̀nù kan. Agbo mìíràn ni ẹ nílò, kí ẹ sì máa pín àmì láàárín agbo kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbé e láti agbo kan sí òmíràn. Akọ méjì yín tún jẹ́ ọ̀dọ́: ọjọ́ orí lè wà lábẹ́ ohun tí ẹ ń pè ní akọ.

Àyẹ̀wò: Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ṣé SRI lẹ lò àbí HWI, ọ̀nà méjì tí a fi ń ṣírò bí ẹranko méjì ṣe ń wà papọ̀ tó? Ká ní ẹ rí ọ̀bọ méjì, Etígígé àti Ìrùkúkúrú, papọ̀ nígbà 12, Etígígé láìsí èkejì nígbà 18, Ìrùkúkúrú láìsí èkejì nígbà 10. SRI jẹ́ 12/40, ìyẹn 0.30. HWI, tó ń ka ìgbà tí wọn kò sí papọ̀ sí ìdajì, jẹ́ 12/26, ìyẹn 0.46. Ọ̀bọ kan náà nì yẹn o! HWI wà fún ìgbà tí ó rọrùn láti rí méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ju ìgbà tí wọ́n wà papọ̀ lọ. Bí ẹ bá dá gbogbo wọn mọ̀ lójú, SRI ni kí ẹ lò.

Ìgbà 3 nínú 10 àti ìgbà 30 nínú 100, 0.30 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ohunkóhun láti 0.07 dé 0.65, ti èkejì láti 0.21 dé 0.40. bisonR, irinṣẹ́ R mìíràn, máa ń gbé iyèméjì yìí dé inú regression, nẹ́tíwọ̀kì lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí àlejò bá ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo mẹ́jọ ló máa sáré wá. Ebi ló kó wọn jọ, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́sítì náà kò yẹ kó bá ọjọ́ lásán pọ̀. Ẹ má sì kọ ọ̀wọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ kà á sí mẹ́ta.

Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun: Ẹ ṣeun gan-an. HWI la lò. A ò sì kọ ibi tí a ti rí wọn.

Àyẹ̀wò: Ṣé ẹ ya fọ́tò? Bí lokéṣọ̀n fóònù bá wà ní títàn, ibi àti àkókò wà nínú fọ́tò náà. Ẹ fi yọ ti ẹnu ọ̀nà kúrò, kí ẹ fi SRI tún ìṣirò náà ṣe. Èyí tí kò bá ní fọ́tò, ẹ jù ú nù.