Àwọn adìyẹ tó yè ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olósìn adìyẹ. Adìyẹ 23 ti kú mọ́ mi lọ́wọ́: ogbe orí wọn funfun báláú, ìgbẹ́ wọn rí bí omi ẹ̀fọ́. Mo fún wọn ní Tylosin, oògùn apakòkòrò kan, kò ṣiṣẹ́. Láàbù ní Salmonella Gallinarum ni, kòkòrò tó ń fa taifọ́ọ̀dù adìyẹ, ẹ̀yà Salmonella enterica kan tí kò nírù tó lè fi lúwẹ̀ẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. (Kòkòrò tí kò lè rìn ló wá sọ mí di onígbèsè!) Dókítà ẹran yí oògùn padà, ikú sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tó yè ṣì lè gbé kòkòrò náà sára, kó sì kó o sínú ẹyin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin di ọmọ ni mò ń kó ẹyin wọn sí. Ṣé kí n ṣì máa pa ẹyin àwọn tó kù, àbí kí n palẹ̀ gbogbo wọn mọ́? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.